Ẹ̀rọ Tó Ń Ránṣọ Láago Mẹ́ta Ọ̀sán

Ọwọ́ mi ló kọ́kọ́ kan ẹ̀rọ ìránṣọ náà. Mo ní láti tètè sọ ọ́, nítorí títí di òní ni Avinesh ṣì ń bá mi jiyàn pé ọwọ́ tòun ni.

Ọjọ́ Sátidé ni, nínú ṣọ́ọ̀bù àlòkù Mísísì Tuttle, létíkun Levuka, ìlú wa lórí erékùṣù. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni mí nígbà náà. Mo ti ń wá ẹ̀rọ ìránṣọ láti ọjọ́ pípẹ́, kí n lè máa rán yunifọ́ọ̀mù fáwọn ọmọ ilé-ìwé, kí n má baà bá bàbá mi lọ sídìí iṣẹ́ ẹja inú agolo. Ẹ̀rọ náà wà lẹ́yìn àwọn àpótí. Dúdú ni, òdòdó wúrà tí wọ́n yà sí i lára ti ń bó, irin ìtẹ̀sẹ̀ rẹ̀ sì wúwo bí ìdákọ̀ró. Mo gbé ọwọ́ lé e. Ọwọ́ kan jáde láti apá kejì, ó di wíìlì rẹ̀ mú.

Ọmọkùnrin Íńdíà kan ni, ó ga, ó tín-ín-rín, ó fi tépù ìwọnṣọ kọ́rùn. Mo mọ̀ ọ́n lójú, bí gbogbo wa ṣe mọra wa lójú nílùú kékeré yẹn. Ọmọ Ramdhani télọ̀ ni.

Ó ní òun fẹ́ rà á. Mo ní mo ti rà á, bẹ́ẹ̀ irọ́ ni, mi ò tíì sanwó. Ó ní òun á fún mi ní ìlọ́po méjì. Mo bi í pé kí ni ọmọ télọ̀ tó ní ẹ̀rọ mẹ́ta nílé fẹ́ fi àlòkù ṣe. Ó kàn ń wo ẹ̀rọ náà bí ẹni ń wo ajá tó ti bu ará ilé rẹ̀ jẹ rí.

Mo sáré lọ sanwó. Nígbà tí mo padà dé láti gbé e, kò ṣeé gbé. Avinesh rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín rẹ̀ àkọ́kọ́ nìyẹn, ó sì gbé orí ẹ̀rọ náà lé èjìká. Ó ní kí n máa lọ níwájú, kí n fọ̀nà ilé hàn òun. Bó ṣe gbé e kalẹ̀ ló bi mí bóyá òun lè máa wá fi òróró sí i.

"Ọmọ télọ̀ tó ń tọrọ iṣẹ́ ọ̀fẹ́," ni mo fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n kó tó jáde lágbàlá, ọkàn mi ti ń fẹ́ kó padà wá.

Èmi àti bàbá mi nìkan la ń gbélé, ìyá mi ti kú láti kékeré mi. Lọ́jọ́ kẹta, bàbá mi wà lẹ́nu iṣẹ́. Oòrùn mú ganrínganrín. Mo ki aṣọ yunifọ́ọ̀mù sábẹ́ abẹ́rẹ́, mo jáde lọ ká aṣọ lórí okùn. Ibẹ̀ ni mo wà tí mo gbọ́ ọ: tàkàtàkàtàkà, tàkàtàkàtàkà.

Mo yọjú lójú fèrèsé. Àga ṣófo. Irin ìtẹ̀sẹ̀ ń lọ sókè, ó ń lọ sódò, bí ẹni pé ẹsẹ̀ méjì wà lórí rẹ̀. Aṣọ ń yí díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ abẹ́rẹ́, bí ìgbà tí ọwọ́ tó mọṣẹ́ ń darí rẹ̀. Kò yára. Ohun tó bà mí lẹ́rù jù nìyẹn, pé kò yára rárá. Lẹ́yìn náà ó dúró lójijì, kì í ṣe bí iṣẹ́ tó parí. Òórùn òróró àgbọn tí àwọn obìnrin ń fi pa irun gba gbogbo inú yàrá. Mo wo aago. Aago mẹ́ta ti kọjá díẹ̀.

Nígbà tí Avinesh dé lọ́jọ́ kejì pẹ̀lú agolo òróró rẹ̀, mo fi aṣọ náà hàn án. Mo rò pé á rẹ́rìn-ín. Kò rẹ́rìn-ín. Ó fi ìka tọ ojú ìrán náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin.

"Unaisi, èyí kì í ṣe yunifọ́ọ̀mù," ló wí. "Bí wọ́n ṣe ń lẹ apá ṣẹ́ẹ̀tì ọkùnrin mọ́ èjìká nìyí. Apá òsì. Ó ku ìbú ìka mẹ́rin kó parí."

A jókòó sórí ẹní, a ń dúró de aago mẹ́ta. Nígbà tí irin ìtẹ̀sẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mì, ó di ọwọ́ mi mú. Ẹ̀rọ náà ránṣọ débi tó ti dúró lánàá, ó dúró. Àwa méjèèjì kò fi ọwọ́ sílẹ̀. Báyìí ni ìfẹ́ wa ṣe bẹ̀rẹ̀, ẹ̀rù ló kọ́kọ́ so wá pọ̀.

Ó wá lọ́jọ́ kejì, ó wá lọ́jọ́ kẹta, ó sì ń wá fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. A yọ òwú kúrò, ẹ̀rọ náà lu ihò sára aṣọ láìsí òwú. A yọ awọ tó so wíìlì mọ́ ìtẹ̀sẹ̀, wíìlì náà ń yí bákan náà. Ìrán kan náà, ibi kan náà, ìka mẹ́rin kan náà. Láàárín ìgbà tá a bá ń dúró, ó ń kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń gé kọ́là, èmi ń sun kókò fún un. Ó ń pè mí ní ìmọ́lẹ̀ ojú òun. Lọ́jọ́ kan ó ní, "Bí kò bá sí òkú nínú ẹ̀rọ yìí, kí ni ǹ bá sọ fún bàbá rẹ pé mo wá ṣe?" Mo fi aṣọ lù ú. A rẹ́rìn-ín títí a fi rántí ẹni tó wà nínú yàrá pẹ̀lú wa.

Levuka kéré, ojú pọ̀. Láìpẹ́ wọ́n sọ fún bàbá mi níbi iṣẹ́ pé ọmọ Íńdíà kan ń wọlé wọn nígbà tí wọn kò sí nílé. Apenisa lorúkọ bàbá mi. Wọn kì í pariwo. Wọ́n ní àwọn kò bí mi fún ẹni tí kò jẹ́ jókòó bá wa jẹun látinú àwo kan náà. Nílé tiwọn, ìyá Avinesh, Sumintra, kò bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ mọ́. Á gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀, á kọjú sógiri. Nígbà tí Avinesh wá sọ fún wọn pé èmi lòun máa fẹ́, ìyá rẹ̀ kó ẹrù, wọ́n bá ọkọ̀ ojú omi lọ sọ́dọ̀ àbúrò wọn ní Suva, lódìkejì omi.

Mo rò pé ìyẹn ni ìṣòro wa. Ọ̀kan ṣì ń bọ̀.

Mo lọ ra bọ́tìnì lọ́dọ̀ Mísísì Tuttle. Wọ́n bi mí bóyá ẹ̀rọ náà ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Wọ́n ní ohun tó ya àwọn lẹ́nu ni pé lọ́jọ́ tí àwọn gbé e jáde nínú ẹrù tó wá láti Suva, Ramdhani télọ̀ ń kọjá, ó rí i, ó di ògiri mú bí ẹni tí òyì ń kọ́. Ọjọ́ kejì ni ọmọ rẹ̀ dé, tó ń wá ẹ̀rọ kiri.

Mo dúró de Avinesh lẹ́nu ọ̀nà. Mi ò jẹ́ kó wọlé.

"Kí ni bàbá rẹ ní kó o fi ẹ̀rọ yẹn ṣe?"

Ó gbé agolo òróró rẹ̀ sílẹ̀. "Wọ́n ní kí n rà á, kí n gbé e wọkọ̀, kí n jù ú sínú òkun. Wọn ò sọ ìdí rẹ̀ fún mi. Mo bi wọ́n títí."

"O sì ń jókòó tì mí lójoojúmọ́, o ń ṣe bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan."

"Ọjọ́ àkọ́kọ́, torí ẹ̀rọ ni mo ṣe wá," ló wí. "Ọjọ́ kejì, torí rẹ ni."

Ọ̀rọ̀ tó dùn ni, ṣùgbọ́n inú ti bí mi kọjá ibi tí ọ̀rọ̀ dídùn ń dé. Mo ní kó máa lọ. Ó lọ. Mo sunkún títí ojú mi fi wú.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mo fi dá jókòó ti ẹ̀rọ náà. Mo lè gbé e síta, mo lè tà á, ṣùgbọ́n mi ò lè ṣe é. Ó dà bíi pé mo fẹ́ lé àlejò tí kò níbi tó máa lọ. Lọ́jọ́ kẹsàn-án, lẹ́yìn tó dúró, mo gbọ́ tí ẹnìkan ń kan ilẹ̀kùn. Ẹ̀ẹ̀mẹta. Kò lágbára. Mo yíjú. Ilẹ̀kùn yàrá náà ṣí sílẹ̀ gbayawu, kò sì sẹ́nì kankan níta. Ìgbà tó tún kan án ni mo tó mọ̀ pé láti inú ni, láti ibi tí mo wà gan-an. Ẹnìkan dúró ní ẹ̀gbẹ́ mi, ó ń bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n ṣílẹ̀kùn tó ti ṣí.

Mo kó gbogbo aṣọ tí ẹ̀rọ náà ti rán, mo gba ṣọ́ọ̀bù Ramdhani lọ.

Bàbá Avinesh jókòó sídìí iṣẹ́, ọkùnrin oníjẹ̀lẹ́ńkẹ́ tí irun orí rẹ̀ ti funfun. Avinesh wà lẹ́yìn tábìlì, ó dìde nígbà tó rí mi. Mi ò wò ó. Mo tú àwọn aṣọ náà síwájú bàbá rẹ̀. Wọ́n gbé ọ̀kan, wọ́n sì wo ojú ìrán náà.

"Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló rán èyí," ni wọ́n wí. "Phulmati. Ó ti tó ogójì ọdún báyìí tí ẹnikẹ́ni nílé wa ti pe orúkọ yẹn gbẹ̀yìn."

Avinesh kò mọ̀ pé bàbá òun ní ẹ̀gbọ́n rí. Mo rí i lójú rẹ̀.

Ramdhani sọ ọ́ láìgbé ojú sókè. Phulmati jẹ́ ọmọ ogún ọdún. Ó fẹ́ràn ọkùnrin kan láti Lovoni, abúlé tó wà lórí òkè láàárín erékùṣù wa. Isimeli lorúkọ rẹ̀. Wọ́n ti jọ sọ ọ́ pé àwọn máa bá ọkọ̀ ọjọ́ Sọ́ńdè sá lọ sí Suva, ó sì ń rán ṣẹ́ẹ̀tì tí ọkùnrin náà máa wọ̀.

"Èmi ni mo lọ sọ fún bàbá wa," ni Ramdhani wí. "Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni mí nígbà náà. Mo rò pé ìyà díẹ̀ ni wọ́n máa fi jẹ ẹ́, kó má baà fi wá sílẹ̀. Wọ́n tì í mọ́ yàrá, òun àti máṣíìnì rẹ̀. Ó ní inú ń run òun. Ó ń kan ilẹ̀kùn. Bàbá wa ní ẹ̀tàn ni, wọ́n ní ẹnikẹ́ni tó bá ṣílẹ̀kùn á bá a jẹ nínú ìyà náà. Ọjọ́ kejì, a gbọ́ tí máṣíìnì ń dún. Inú wa dùn. A ní ara rẹ̀ ti balẹ̀. Láago mẹ́ta, máṣíìnì dúró. A rò pé ó ti rẹ̀ ẹ́ ni." Wọ́n ká aṣọ náà sí méjì, wọ́n tún un ká. "Ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ṣílẹ̀kùn."

Wọ́n gbé òkú rẹ̀ kọjá omi lọ sọ́dọ̀ àwọn ẹbí, wọ́n ta máṣíìnì láàárín ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n sì sọ fún gbogbo ìlú pé Phulmati ti lọ sílé ọkọ ní Labasa tó jìnnà. Ohun tí wọ́n sọ fún Isimeli náà nìyẹn.

Mo bi wọ́n bóyá ọkùnrin náà ṣì wà láyé. Wọ́n ní gbogbo Sátidé ló ń ta kókò lọ́jà. Wọ́n ní ogójì ọdún nìyí tí àwọn ti ń yí ojú bí àwọn bá ń kọjá níwájú rẹ̀.

"Ẹ lọ sọ fún un, sà," ni mo wí.

"Ta ló máa bá mi sọ ọ́?"

Mo mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Nílẹ̀ wa, ẹni tó bá ṣẹ èèyàn kì í dá lọ bẹ̀bẹ̀. Á di gbòǹgbò yaqona, èyí tá à ń gún mu, á sì wá ẹni tó mọ èdè àgbà tó máa gba ẹnu rẹ̀ sọ̀rọ̀. Wọ́n bí Ramdhani sí erékùṣù yìí, ṣùgbọ́n wọn kò ní irú ẹni bẹ́ẹ̀.

Mo délé, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún bàbá mi. Wọ́n jẹun tán kí wọ́n tó fèsì.

"Àwọn ló fi ọmọbìnrin náà du ọkùnrin wa. Èmi ni kí n wá bá wọn bẹ̀ ẹ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"Ṣé ọmọkùnrin yẹn lo ṣì fẹ́?"

"Mo ti lé e."

"Èmi ò bi ọ́ bóyá o lé e."

"Bẹ́ẹ̀ ni," ni mo wí. "Òun ni mo fẹ́."

Wọ́n dìde. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì mo bá wọn nídìí áyọ́ọ̀nù, wọ́n ń lọ aṣọ tí wọ́n fi ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.

Ọkọ̀ akẹ́rù la wọ̀ gòkè. Àwọn bàbá méjèèjì wà níwájú pẹ̀lú awakọ̀, èmi àti Avinesh wà lẹ́yìn, gbòǹgbò yaqona wà láàárín wa. Ọ̀nà náà gbágungbàgun. Nígbà tá a dé orí òkè ni Avinesh tó ní, "Gbogbo òtítọ́ tó wà lọ́wọ́ mi ti tán. Mi ò fi ìkankan pamọ́ mọ́." Mo gbé gbòǹgbò náà sí ẹ̀gbẹ́ kejì, mo sún mọ́ ọn.

Isimeli jẹ́ ọkùnrin fìrìgbọ̀n tí ìyàwó rẹ̀ ti kú, tí amọ̀ oko kò sì kúrò ní èékánná rẹ̀. A jókòó sórí ẹní, a dorí kodò. Bàbá mi gbé gbòǹgbò náà síwájú Isimeli, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ ní èdè àgbà, wọ́n sọ ọ́ láti orí dé ìdí, wọn kò fi èyíkéyìí bò. Mi ò gbọ́ kí bàbá mi sọ̀rọ̀ pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ rí. Nígbà tí wọ́n parí, Isimeli bèèrè ohun kan ṣoṣo, pé ọjọ́ wo ni Phulmati kú.

"Sátidé," ni Ramdhani wí. "Ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ ọkọ̀ yín."

Isimeli mi orí. "Mo dúró ní èbúté títí ọkọ̀ fi lọ, títí ó fi padà dé. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń bú u. Mo fẹ́yàwó, mo bímọ, mo ń bú u. Bí mo bá ń gbin kókò, mo ń bú u." Ohùn wọn kò yí padà. "Òkú ni mo ń bú."

Wọn kò fọwọ́ kan gbòǹgbò náà. Bí wọn kò bá fọwọ́ kàn án, a jẹ́ pé wọn kò gba ẹ̀bẹ̀ nìyẹn. Ramdhani ti fi iwájú orí kan ẹní. Mo gbọ́ tí àkùkọ ń kọ lẹ́yìn ilé. Lẹ́yìn ìgbà pípẹ́, Isimeli bi wá pé ta ló ní ká wá, lẹ́yìn gbogbo ọdún wọ̀nyí.

Kò yẹ kí ọmọdé sọ̀rọ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n mo sọ̀rọ̀. "Òun ni, Tukai," ni mo wí, bá a ṣe ń pe bàbá àgbà. Mo sọ ti ẹ̀rọ náà fún wọn, àti ti ilẹ̀kùn tó ń kàn.

Isimeli bo ojú wọn. Nígbà tí wọ́n ṣí i, wọ́n na ọwọ́, wọ́n gbé e lé gbòǹgbò náà.

"Mo gbà á," ni wọ́n wí. "Kì í ṣe pé kò dùn mí. Ẹni tó ti ń kan ilẹ̀kùn fún ogójì ọdún, kò yẹ ká tún jẹ́ kó kàn án lọ́la."

Lọ́jọ́ kejì gan-an ni Isimeli sọ̀ kalẹ̀ wá sílé wa. Ramdhani wọn èjìká wọn, wọ́n gé aṣọ búlúù, wọ́n rán gbogbo ṣẹ́ẹ̀tì náà lórí ẹ̀rọ tiwọn, ó wá ku apá òsì. Nígbà tí aago mẹ́ta ku díẹ̀, Ramdhani jókòó sídìí ẹ̀rọ Phulmati, wọ́n ki apá òsì náà sábẹ́ abẹ́rẹ́. Isimeli jókòó sílẹ̀ nítòsí ògiri. Bàbá mi bọ́ fìlà.

Irin ìtẹ̀sẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Ramdhani gbé ẹsẹ̀ lé e, wọ́n fi ọwọ́ tẹ̀lé aṣọ náà bó ṣe ń yí. Omijé ń kán sórí ọwọ́ wọn, wọn kò nù ún. Tàkàtàkàtàkà. Ó dé ibẹ̀. Ó dúró.

Ramdhani tẹ irin náà, kò lọ. Wọ́n tún tẹ̀ ẹ́. Mo rí iṣan ẹsẹ̀ wọn tó dìde, bí ẹni ń ti ilẹ̀kùn tí ẹnìkan fara tì. Wọ́n tẹ orí wọn ba. "Dídì," ni wọ́n wí, orúkọ tí wọ́n ń pe ẹ̀gbọ́n obìnrin nílé wọn. "Mo ti ṣí i. Ẹ máa bọ̀ níta."

Irin náà rọ̀. Ìka mẹ́rin. Mo kà wọ́n bí abẹ́rẹ́ ṣe ń gorí wọn. Ramdhani gé òwú. Òórùn òróró àgbọn kọjá níwájú wa, ó kọjá lára Isimeli, ó pẹ́ díẹ̀ níbẹ̀, ó sì gba ẹnu ọ̀nà jáde sínú oòrùn. Isimeli wọ ṣẹ́ẹ̀tì náà, wọ́n de gbogbo bọ́tìnì rẹ̀, wọ́n rọra fẹsẹ̀ rìn lọ sí èbúté. Kò sẹ́ni tó tẹ̀lé wọn.

Láti ọjọ́ náà, yunifọ́ọ̀mù nìkan ni ẹ̀rọ náà ń rán.

Bàbá mi gbà pé ká fẹ́ra wa. Bàbá Avinesh gbà. Ìyá rẹ̀ kò dáhùn lẹ́tà kankan láti Suva. Oṣù méje. Avinesh ní kí n má jẹ́ kó dùn mí, bẹ́ẹ̀ òun gan-an kò sùn dáadáa.

Láàárọ̀ ọjọ́ ìgbéyàwó wa, mo jókòó sórí ẹní pẹ̀lú irun tí wọn kò tíì dì tán, ẹnu ọ̀nà ṣókùnkùn, mo gbójú sókè. Sumintra ni. Wọ́n gbé abọ́ làálì kékeré lọ́wọ́. Wọn kò kí mi. Wọ́n jókòó, wọ́n fa ọwọ́ mi, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi làálì ya òdòdó sí àtẹ́lẹwọ́ mi.

"Má mi ọwọ́," ni ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí wọ́n bá mi sọ láyé.

Wọ́n ya ìka mẹ́ta kí wọ́n tó tún sọ̀rọ̀. "Nígbà tí mo wọ ilé yẹn bí ìyàwó, kò sí máṣíìnì kankan nínú yàrá ẹ̀yìn. Síbẹ̀, láago mẹ́ta, mo máa ń gbọ́ ọ. Ọdún mẹ́tàlélógún. Mi ò sọ fún ọkọ mi. Òun náà ń gbọ́ ọ, kò sọ fún mi. Mo rò pé ọmọbìnrin ni ilé yẹn ń jẹ. O rò pé mo kórìíra rẹ, àbí?"

Mi ò lè parọ́. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

"Ẹ̀rù ló bà mí fún ọ." Wọ́n fẹ́ atẹ́gùn sí làálì náà kó lè gbẹ. "Láti ìjẹta ni mo ti dé. Mi ò jẹ́ kí wọ́n mọ̀. Mo jókòó sínú yàrá yẹn lánàá, látọ̀sán títí ilẹ̀ fi ṣú. Òkun nìkan ni mo gbọ́."

Wọ́n gbé ọwọ́ mi kalẹ̀ sórí itan mi, wọ́n rọra tẹ́ ẹ bí aṣọ tuntun.

"Gbé ọwọ́ kejì wá," ni wọ́n wí.